Ẹ̀yin tó ń lọ ṣe páásípọ́ọ̀tù ní Lọ́ńdọ̀n, inú ìlú ni kí ẹ sùn

Ohun tó ń kọ́kọ́ gbé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ní Leeds, Newcastle, Manchester tàbí Glasgow dé Lọ́ńdọ̀n kì í ṣe fàájì. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni. Ẹ ti sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti gba ọjọ́ tí ẹ máa yọjú kí wọ́n lè ya àwòrán yín, kí ẹ sì tẹ̀ka. Wọ́n ní kí ẹ wá sí Nigeria House, ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà, nọ́ńbà 9, Northumberland Avenue. Ó wá ku ibi tí ẹ máa sùn mọ́jú. Gbogbo ẹni tí ẹ bá bi ló máa sọ pé kí ẹ lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní ìpẹ̀kun ìlú, bíi Thamesmead tàbí Dagenham, kí ẹ má lọ kówó fún hòtẹ́ẹ̀lì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ alẹ́ kan tàbí méjì péré lẹ fẹ́ lò, àárín ìlú gan-an ló yẹ kí ẹ wà. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́, ọ̀nà ló máa gbà á lọ́wọ́ yín, á sì gba àkókò mọ́ ọn.

Northumberland Avenue wà láàárín Trafalgar Square àti odò Thames. Charing Cross àti Embankment ni ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti ìkankan nínú méjèèjì. Sóònù ni wọ́n fi pín ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀n. Àárín gbùngbùn ni sóònù 1, nọ́ńbà náà sì ń ga sí i bí ẹ ṣe ń jìnnà. Heathrow wà ní sóònù 6. Bí sóònù tí ẹ gbà kọjá bá ṣe pọ̀ tó ni owó ọkọ̀ rélùwéè ṣe ń pọ̀ tó. Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, owó náà tún máa ń wọ́n láàárín aago 6:30 sí 9:30 àárọ̀, àti aago 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí wọ́n ní kó yọjú láàárọ̀, tó sì ń ti ìpẹ̀kun ìlú bọ̀, àsìkò tí ọkọ̀ wọ́n jù tó sì kún jù náà ló máa wọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Thamesmead ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Thamesmead ò ní ibùdó rélùwéè tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ dé Abbey Wood, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ rélùwéè Elizabeth line lọ sí Tottenham Court Road, kí ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ bọ́ sórí Northern line dé Charing Cross. Láti ọdún 2022 tí Elizabeth line ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìrìn náà ti rọrùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kan tó bá pẹ́ níbi iná pópó lè ba gbogbo ètò yẹn jẹ́, pàápàá tí ẹ bá gbé ọmọ dání. Ẹni tó bá sùn sí Waterloo ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ti dúró sí ìdí bọ́ọ̀sì nínú òtútù. Tó bá jẹun tán, á fẹsẹ̀ gba orí afárá kọjá sí Embankment, ó dé nìyẹn, kò sì san kọ́bọ̀.

Ní ti sísan owó ọkọ̀, káàdì báńkì tí ẹ lè fi kan ẹ̀rọ tàbí káàdì Oyster, ìyẹn káàdì ọkọ̀ tí wọ́n ń kówó sí, ni wọ́n ń lò. Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀n ò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́, nítorí náà ẹ má na owó bébà sí dẹ́rẹ́bà. Ní ibùdó Tube, ìyẹn rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde, káàdì kan náà ni o. Ẹni tó bá fi káàdì wọlé tó fi fóònù jáde, wọ́n á ká a sí èèyàn méjì tí ìrìn wọn ò parí, wọ́n á sì gba owó tó pọ̀ jù lórí méjèèjì. Nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà tí ẹ bá wọlé nìkan ni. Kálukú gbọ́dọ̀ ní káàdì tirẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11, tó bá wà pẹ̀lú àgbà tó sanwó, ọ̀fẹ́ ni Tube fún un. Iye kan wà tí wọn ò ní gbà kọjá lójúmọ́, ṣùgbọ́n iye yẹn náà ń ga bí sóònù tí ẹ ń rìn bá ṣe pọ̀ sí i. Ẹni tó ń sùn ní sóònù 1 tún jàǹfààní níbẹ̀.

Ibo wá ni nínú àárín ìlú? Ibi tí ọkọ̀ yín máa sọ̀ yín sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn tó ń ti Leeds, Newcastle tàbí Edinburgh bọ̀, King's Cross ni wọ́n máa bọ́ sí. Ti Manchester, Liverpool àti Glasgow, Euston ni. Ti Sheffield, Nottingham àti Leicester, St Pancras, tí òpópónà kan péré là láàárín òun àti King's Cross. Ti Cardiff àti Bristol, Paddington. Ti Southampton, Waterloo. Àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn sábà máa ń sọ̀ ní Victoria Coach Station. Kò sí èyí tó jìnnà sí Nigeria House nínú gbogbo wọn. Láti Euston, Northern line á gbé yín dé Charing Cross láìsí pé ẹ pààrọ̀ ọkọ̀, àmọ́ ẹ rí i pé èyí tó ń gba Charing Cross lọ lẹ wọ̀, kì í ṣe èyí tó ń gba Bank. Láti Paddington, Bakerloo line ń lọ tààrà. Láti Victoria, ibùdó kẹta lórí District tàbí Circle line ni Embankment. Tí ẹ bá sùn sítòsí ibi tí ọkọ̀ sọ̀ yín sí, ẹ ò ní wọ́ báàgì la ìlú já nígbà tí ẹ bá dé, ẹ ò sì ní sáré nígbà tí ẹ bá ń padà.

Tí ẹ bá ń wá hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ má wo orúkọ, postcode, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń parí àdírẹ́sì, ni kí ẹ wò. Wọ́n lè kọ London sára ilé tó wà ní Luton, Luton ò sì sí nínú Lọ́ńdọ̀n rárá. WC1 ni Bloomsbury, WC2 ni agbègbè Covent Garden, ibẹ̀ náà ni Nigeria House wà. SW1 ni Westminster àti Victoria. W2 ni Paddington, NW1 ni Euston, SE1 sì ni òdìkejì odò lápá Waterloo. Níbí ni ẹ̀tàn wà: nọ́ńbà kékeré kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ sún mọ́ ìgboro. SE1 wà létí odò, àmọ́ SE2 tó tẹ̀ lé e, Abbey Wood ni, lọ́hùn-ún lápá ìlà-oòrùn. Lẹ́yìn nọ́ńbà 1, bí lẹ́tà orúkọ àdúgbò ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n fi tò wọ́n: E2 ni Bethnal Green, E3 ni Bow, E4 sì ni Chingford, níbi tí Lọ́ńdọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo ti rí ẹni tó sanwó fún E4 tó rò pé òun ti dé ojú ìlú.

Àárín ìlú wọ́n, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kò wọ́n. Ṣùgbọ́n iye kan náà kọ́ ni wọ́n ń gbà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá tètè gba yàrá, tó yẹra fún òpin ọ̀sẹ̀, á rí èyí tó dínwó. Lásìkò ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọlé, àwọn yunifásítì bíi LSE máa ń fi yàrá wọn háyà fún àlejò. YHA, ilé ìgbàlejò olówó pọ́ọ́kú, tún wà lójú Euston Road, òdìkejì British Library, wọ́n sì ní yàrá àdáni yàtọ̀ sí èyí tí ẹni púpọ̀ ń sùn pọ̀. Nítorí pé ọ́fíìsì lè yí ọjọ́ padà, ẹ gba yàrá tí wọ́n máa dá owó rẹ̀ padà tí ẹ bá fagi lé e, kódà tó bá fi díẹ̀ wọ́n ju èkejì lọ. Ẹ sì ka lẹ́tà ìpè yín lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó sanwó, kó dá yín lójú pé àdírẹ́sì yẹn náà ló wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ màmá tàbí bàbá yín lẹ ń mú lọ, ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ṣe pàtàkì ju ti owó lọ. Ọ̀pọ̀ ibùdó Tube ti dàgbà, wọn ò sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè tó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Russell Square ní ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ àtẹ̀gùn ṣì kù níwájú yín tí ẹ bá jáde nínú rẹ̀. King's Cross tó tẹ̀ lé e ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ló máa gbé màmá láti ìta dé ìdí ọkọ̀. Lórí máàpù Tube, àmì kẹ̀kẹ́ arọ ni kí ẹ máa wò. Tí orúnkún bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, bọ́ọ̀sì dára ju Tube lọ, ẹ sì lè pààrọ̀ bọ́ọ̀sì bó ṣe wù yín láàárín wákàtí kan láìsan òmíràn.

Ohun kan tí mo fi ń bẹ̀ yín: àwọn ajáfóònù-gbà pọ̀ ní àárín ìlú. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ń já a, láti ẹ̀yìn, wọ́n á sì ti lọ kí ẹ tó yíjú. Tí ẹ bá fẹ́ wo máàpù, ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù tàbí kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri.

Tí ẹ bá tẹ̀ka tán lọ́sàn-án, àǹfààní tí mo fẹ́ràn jù ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi báàgì sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ wọn ló máa bá yín tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó kúrò nínú yàrá. Kẹ́ẹ wá rìn lọ sí British Museum ní Great Russell Street, kò gba owó ìwọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Ẹ béèrè gbọ̀ngàn Áfíríkà, ìsàlẹ̀ ilé ló wà. Tí ẹ bá bí ọmọ sí ìlú òyìnbó, ẹ mú un lọ, kẹ́ẹ sì sọ ibi tó ti wá fún un. Tí ebi bá ń pa yín, bọ́ọ̀sì 453 ń gba Trafalgar Square kọjá, ó ń sọdá odò lọ sí Elephant & Castle àti Old Kent Road, níbi tí ẹ ti lè jẹ àmàlà gidi.

Mi ò sọ pé kí gbogbo èèyàn sá fún ilé ẹbí o. Ẹni tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó wá ṣe ìkómọ, kí ló fẹ́ fi hòtẹ́ẹ̀lì ṣe? Ẹ lọ bá wọn. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń gbé ní Camberwell tàbí Peckham, tí bọ́ọ̀sì ìgboro ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn, kò nídìí láti náwó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ alẹ́ kan, ẹ pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù ṣáájú ọjọ́ náà, kẹ́ẹ ṣàlàyé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní ká yọjú, ìtòsí ibẹ̀ la máa sùn sí. Tá a bá ṣe tán, ọ̀dọ̀ yín là ń bọ̀." Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé ẹ wọ Lọ́ńdọ̀n.