Bí mo ṣe ń jẹ́ kí gìtá inú kọ̀ǹpútà dún bíi pé èèyàn ló ń ta á

Nínú yàrá mi ní Kubwa, mi ò ní gìtá. Ohùn gìtá tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni mo ń fi kíìbọ́ọ̀dù tẹ̀. Ó lè dùn gan-an, àmọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ bíi dùùrù.

Okùn mẹ́fà ni gìtá ní, okùn kan ò sì lè dún ohùn méjì pọ̀. Fún kọ́ọ̀dù (ìyẹn ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀) E major, ẹ tẹ E, B, E, G♯, B, E, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé: ọwọ́ onígìtá kì í kan okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 10 sí 20 sáàárín ohùn kan sí èkejì. Bí ọwọ́ bá ń lọ sílẹ̀, okùn tó nípọn ló ń kọ́kọ́ dún. Bó bá ń gòkè, èyí tó tín-ínrín ló ń ṣáájú. Velocity, ìyẹn bí ẹ ṣe tẹ ohùn kọ̀ọ̀kan lágbára tó, ńkọ́? Láti 1 dé 127 ni, ẹ má jẹ́ kó dọ́gba. Èmi máa ń fi bíi 95 sí ìgbà tí ọwọ́ ń lọ sílẹ̀, 70 sí ìgbà tó ń gòkè.

Fún jùjú, èyí tí mo fẹ́ràn jù, ẹ pa kọ́ọ̀dù ńlá tì. Ẹ lo gìtá méjì: kí ọ̀kan máa tún gbólóhùn orin kúkúrú kan sọ nínú sípíkà òsì, kí èkejì máa dá a lóhùn nínú ti ọ̀tún. Bí mo ṣe ṣe orin ìsọmọlórúkọ fún bàbá kan ní Nyanya nìyẹn. Ó béèrè ẹni tó ta gìtá náà lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ohùn gìtá tó rẹlẹ̀ ju 80 Hz lọ kúrò (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), kí báàsì lè ráyè.