Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìdílé Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn Ọpọlọ

Tí àìsàn ọpọlọ tó le bá wọ ilé kan, kì í pẹ́ tí ẹbí fi máa ń rí ẹni tí wọ́n á dì í rù. Ìyá ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí àbúrò obìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Àwọn yòókù á máa pè lórí fóònù pé, "Ara ẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run á ṣe é o." Wọ́n á fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ó parí. Àṣìṣe tó tóbi jù nìyẹn, òun ló sì ń bí àwọn tó kù.

Ẹ wo òru ẹni bẹ́ẹ̀. Aago méjì ti lù, ọmọ ń rìn lọ rìn bọ̀ ní pálọ̀, ó ń dá ẹni tí ẹlòmíì ò rí lóhùn. Ìyá ti ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, ó tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ má baà jáde. Ilẹ̀ á mọ́, á sì lọ sọ́jà. Tí èyí bá ń bá a lọ fún oṣù mélòó kan, inú á máa tètè bí i, orí á máa fọ́ ọ, oúnjẹ ò ní wù ú jẹ mọ́. Nígbà míì, á máa rò ó pé ì bá sàn kí ọmọ náà tiẹ̀ ti kú. Ẹ̀rù ìrònú yìí á bà á, kò sì ní lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá burúkú kọ́ o. Àárẹ̀ ti kọjá agbára rẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún irú ẹni yìí pé kó mú un mọ́ra, pé àgbélébùú tirẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí gan-an. Ẹ gba òru kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, kó lọ sùn níbòmíì. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ò lè wá sùn síbẹ̀, àmọ́ ó lè sanwó fẹ́ni tó máa sùn síbẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi ètò abúlé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà àwọn aláìsàn ọpọlọ, dá sílẹ̀ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ṣe ẹ̀rí pé ẹbí ló ni ìtọ́jú. Òótọ́ ni pé ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá nígbà náà. Ṣùgbọ́n àárín àwọn ará abúlé ni wọ́n jọ ń gbé, ilé ìwòsàn sì wà nítòsí. Wọn ò dá ìbátan náà dá a.

Àṣìṣe míì ni kí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró nítorí pé ara ti ń yá. Mo mọ ohun tó ń fà á: owó, ìjà ojoojúmọ́ lórí oògùn, ara tó ń le gbagidi, itọ́ tó ń dà lẹ́nu, ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ó lè yí oògùn padà, tàbí kó fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra rọ́pò oníhóró. Tí àìsàn bá padà dé, ẹni tó ti rẹ̀ yẹn náà ló tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì máa bú aláìsàn. Ní 1972, George Brown àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ọba tẹ ìwádìí kan jáde: àwọn aláìsàn tó padà sílé tí èébú àti ìbáwí ti pọ̀ ni àìsàn tètè ń padà ṣe jù. Ta ló sì ń bú èèyàn bí ẹni tí kò sùn? Ìsinmi olùtọ́jú wà lára ìtọ́jú aláìsàn.

Ẹ̀yin olùtọ́jú, lọ́jọ́ tí ẹ bá mú aláìsàn lọ sí kíníìkì, ẹ má fi ara yín sílẹ̀ sílé. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Bí nọ́ọ̀sì ò bá tiẹ̀ béèrè, ẹ sọ fún un pé ẹ ò rí oorun sùn. Tó bá sì ti ń wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín tàbí láti ṣe aláìsàn léṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, fún dókítà àti fún ẹnì kan nínú ẹbí tó lè wá dúró tì yín lóru yẹn.