Bí tímà tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe bá ń parọ́ àsìkò

Tímà àkọ́kọ́ tí mo fi ATmega328P, chip kékeré tó ń ṣe ohun tí kóòdù bá ní kó ṣe, ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó tan iná fún ìṣẹ́jú 10, kó sì pa á. Mo tẹ bọ́tìnnì, iná tàn, mo jókòó tì í. Ìṣẹ́jú 10 kọjá, 20 kọjá. Mo dìde lọ jẹun, mo padà dé, iná ṣì wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Mo ní chip ti bàjẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀, kò yí padà. Mo tún pààrọ̀ rẹ̀, pàbó. Ọjọ́ kejì ni mo tó ní sùúrù láti fi aago fóònù ṣọ́ ọ títí tó fi kú: ó ku díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú 80.

Ká ní mo ti ka ìṣẹ́jú yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, mi ò bá má ti yọ chip kankan. Mẹ́wàá di ọgọ́rin, ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn. ATmega328P tuntun, aago 8 MHz tó wà nínú rẹ̀ ló ń lò, ṣùgbọ́n fuse kan wà (kì í ṣe fiúsì iná o, ètò kan nínú chip ni) tí wọ́n ń pè ní CKDIV8 tó ń pín in sí mẹ́jọ, ìyẹn ni pé 1 MHz péré ló fi ń sáré. Èmi sì ti kọ 8 MHz sí F_CPU, ibi tí kóòdù ti ń sọ iye tí chip fi ń sáré. Chip ò ṣẹ̀ mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ tó ki soldering iron bọ iná, ẹ fi aago wo bí àṣìṣe yẹn ṣe tóbi tó. Tó bá jẹ́ ìlọ́po gẹ́lẹ́, 2, 8 tàbí 16, fuse àti F_CPU ni ò bára mu. Kóòdù tí a kọ fún 16 MHz, tí chip wá ń lo aago inú rẹ̀ tó jẹ́ 8 MHz, ìṣẹ́jú 10 á di 20. Tí CKDIV8 bá tún wà lórí rẹ̀, á di 160. Ẹ fi avrdude, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá chip sọ̀rọ̀, ka fuse jáde, kẹ́ ẹ tún èyí tí kò tọ̀nà nínú méjèèjì ṣe. Ẹ rọra o: tẹ́ ẹ bá yí fuse sí crystal ìta (ohun kékeré tó ń fún chip ní aago tó péye) nígbà tí kò sí crystal lórí bọ́ọ̀dù, chip á ya odi, kò ní dá programmer, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbé kóòdù sínú rẹ̀, lóhùn mọ́ títí ẹ ó fi wá crystal fún un.

Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin péré ló fi ń ṣì nínú wákàtí kan, aago inú chip náà nìyẹn. Àṣìṣe rẹ̀ lè tó ìdá 10 nínú 100, ìyẹn ìṣẹ́jú 6 ní wákàtí. Ẹ fi crystal sí ẹsẹ̀ 9 àti 10 (lára chip gígùn ẹlẹ́sẹ̀ 28 tí wọ́n ń pè ní DIP), kí capacitor 22 pF kọ̀ọ̀kan lọ láti ibẹ̀ sí GND, ìyẹn ìhà nẹ́gátíìfù, kẹ́ ẹ sì yí fuse àti F_CPU bá a mu. Crystal tó bá jẹ́ 20 ppm (àṣìṣe 20 nínú mílíọ̀nù kan) kì í fi ìṣẹ́jú àáyá 2 ṣì lójúmọ́. Tímà iná tèmi ò ní crystal títí dòní. Iná tó fi díẹ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ ò pa ẹnikẹ́ni.

Tí kò bá wá kú rárá ńkọ́? Ẹ wá irú ìlà yìí nínú kóòdù yín:

unsigned long akoko = 60 * 1000;

Lójú tiwa, 60,000 ni. Lójú chip yìí, int, irú nọ́ńbà tí kóòdù fi ń ṣírò bí ẹ ò bá sọ irú mìíràn, ò kọjá 32,767, nítorí náà ó yí dà sí -5,536, tó bá sì bọ́ sínú unsigned long, ó di 4,294,961,760. Ó ku díẹ̀ kí iye millisecond yẹn pé 50 ọjọ́. Ẹ kọ ọ́ ní 60UL * 1000. Compiler ti ń kìlọ̀ èyí fún mi tipẹ́, èmi ni mo pa ìkìlọ̀ rẹ̀.

Èyí tó gba oorun lójú mi ni ti tímà mìíràn tí mo ṣe fún pọ́ǹpù. Tímà ń ka àsìkò dáadáa bí kò bá sí nǹkan lẹ́nu relay, ìyẹn súwíìṣì tí chip ń fi iná tàn. Tí mo bá ti so pọ́ǹpù mọ́ ọn, nígbà míì á pa á kí àsìkò tó pé, á sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ kọ ọ́ sí setup(), apá kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbàkígbà tí chip bá jí, pé kí LED kan ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ má wo pọ́ǹpù, LED ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Relay á dún kẹ́, LED á ṣẹ́jú: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Kì í ṣe pé chip gbàgbé ohun tó ń kà, ṣe ló kú tó sì tún jí. Mítà ò ní fi èyí hàn yín. Ọ̀rọ̀ náà yára ju ojú rẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ iná mànàmáná ilé ni pọ́ǹpù ń lò, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ tú wáyà pọ́ǹpù kúrò lẹ́nu relay, kẹ́ ẹ jẹ́ kí relay máa dún lásán. Tí chip bá ṣì ń kú, ẹ wo coil, wáyà tí wọ́n wé sínú relay: diode 1N4007 gbọ́dọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí ìlà ara diode kọjú sí ìhà pọ́sítíìfù. Mo ti fi í sódì rí. Relay ò dún, transistor sì gbóná débi tó fi jó mi lọ́wọ́. Ẹ tún fi capacitor 100 nF sáàárín ẹsẹ̀ 7 àti 8 chip, òmíràn sáàárín 20 àti 22, kí ẹsẹ̀ wọn kúrú.

Tí kò bá kú mọ́ láìsí pọ́ǹpù, a jẹ́ pé iná tó ń ta nínú relay nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ń là ló ń dà á láàmú. Tèmi, wáyà pọ́ǹpù ni mo gbà abẹ́ chip kọjá. Mo gbé e gba etí bọ́ọ̀dù, mo fi resistor 10 kΩ so ẹsẹ̀ 1, ìyẹn ẹsẹ̀ reset tó ń mú chip bẹ̀rẹ̀ láti òdo, mọ́ 5 V, ó sì tán.

Bọ́tìnnì ò gba wàhálà púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí tímà kà á sí mẹ́ta, irin inú rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí kóòdù dúró fún 50 ms kó tó gbà á gbọ́. Tí tímà bá ń tan ara rẹ̀ nígbà tí ẹ kàn na ọwọ́ sún mọ́ wáyà bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ yẹn ò so mọ́ ibì kankan ni. Ẹ kọ INPUT_PULLUP dípò INPUT, kí bọ́tìnnì máa fà á lọ sí GND, kẹ́ ẹ sì rántí pé látìgbà náà lọ, LOW ló túmọ̀ sí pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́.