«Sana»: bí àwọn ará Fìlípíìnì ṣe ń sọ ohun tí wọn ì bá ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ èdè Tagalog láti Kábà títí dé Ìsánlú, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ tètè mọ̀ lò: sana. Iṣẹ́ tí «ì bá» ń ṣe fún wa ló ń ṣe fún wọn, àmọ́ ibi tí wọ́n ń fi sí yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀-ìṣe. Bili ni «rà». Bumili, ó ti rà á. Bumibili, ó ń rà á lọ́wọ́. Bibili, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bi- tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì ló ń sọ pé iṣẹ́ kò tíì parí. -Um- tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀ ló ń sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ẹ fi sana tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́:

Bibili sana ako ng isda: mo fẹ́ ra ẹja tẹ́lẹ̀, n ò rà á mọ́.
Bumili sana ako ng isda: ǹ bá ti ra ẹja.

Arọ́pò-orúkọ onísílébù kan máa ń ṣáájú sana: Bibili ka sana (ka ni «o»). Tí hindi («kò») bá wọlé, òun ni sana máa tẹ̀ lé: Hindi sana ako bibili.

Ibi táwọn ènìyàn wa ti ń ṣìnà ni pé «ì bá» ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́dọ̀ wa, wọ́n á wá gbé sana síwájú. Àdúrà nìyẹn dà: Sana umulan, «kí òjò jọ̀ọ́ rọ̀».

Lọ́wọ́ ọlọ́jà ńkọ́? Bibili po sana ako ng isda (po ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni) jẹ́ ọ̀wọ̀ lásán, ẹlẹ́ja á kó ẹja fún yín. Nítorí náà, ẹ so ìdí mọ́ ọn tẹ́ ò bá rà: pero wala akong pera, «ṣùgbọ́n n ò lówó». Bẹ́ ẹ bá ti ọjà Kábà dé, ẹ dárúkọ ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ fẹ́ rà tẹ́ ò rà, kẹ́ ẹ fi sana sọ ọ́.

Ti «díẹ̀ ló kù» rọrùn: Muntik na akong mahulog, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú.

Èyí tó dùn jù ni: Itinulak ko ang mesa, pero hindi ko naitulak. Mo ti tábìlì náà títí, kò mì. Itinulak kàn sọ pé ẹ fọwọ́ tì í ni. Tí tábìlì bá kúrò lóòótọ́, naitulak ni kẹ́ ẹ sọ.