Bí O Ṣe Lè Da Array Kọ ní Java Láì Fọwọ́ Kan Ti Àkọ́kọ́

Aláájọ ni ìyá mi ní ọjà Bódìjà. Mo ń kọ ètò kékeré kan ní Java (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) tí yóò máa bá wọn ṣírò owó ìparí oṣù. Owó oníbàárà márùn-ún wà nínú array (àyè tó tò tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ orúkọ kan) tí mo pè ní `owo`, mo wá kọ:

`int[] sisan = owo;`

Lójú tèmi, mo ti ní méjì. Mo yọ owó ọjọ́ kan tí aláájọ ń mú kúrò nínú `sisan`: ẹni tó dá 30,000 náírà di 29,000. Ìgbà tí mo padà yẹ `owo` wò, òun náà ti di 29,000! Ìyá mi ní, "Ta ló fọwọ́ kan owó olówó?"

Àmì = kò da nǹkan kan kọ; orúkọ kejì ló sọ array náà. Ará ọjà ń pe ìyá mi ní Aláájọ, ará àdúgbò ń pè wọ́n ní Ìyá Ìbejì, ẹnì kan náà ni. Ohun tó yẹ kí n kọ nìyí:

`int[] sisan = owo.clone();`

Bí oníbàárà bá máa pọ̀ sí i, kọ `import java.util.Arrays;` lókè fáìlì, kó o wá lo:

`int[] titun = Arrays.copyOf(owo, 8);`

Òdo ni yóò wà ní àyè mẹ́ta tó ṣẹ́ kù. `System.arraycopy` náà wà, ṣùgbọ́n èmi kì í sábà lò ó: nǹkan márùn-ún lo máa kà fún un, bí ìṣirò rẹ bá sì fi ẹyọ kan lé, àṣìṣe `ArrayIndexOutOfBoundsException` (o ti kọjá ààlà array) ló máa jù sí ọ.

Káàdì ló wá fojú mi rí màbo. Káàdì oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àpótí 31, mo sì kó gbogbo wọn sínú `int[][] kaadi`, array tí àwọn array mìíràn wà nínú rẹ̀. `kaadi.clone()` kò tó níbí. Array òde nìkan ló ń dà kọ. Àwọn ìlà inú rẹ̀, ti àtijọ́ náà ni wọ́n. Ìlà kọ̀ọ̀kan lo gbọ́dọ̀ dà kọ:

```
int[][] adako = new int[kaadi.length][];
for (int i = 0; i < kaadi.length; i++) {
    adako[i] = kaadi[i].clone();
}
```

Bí ohun inú array bá jẹ́ object (ohun kan tó kó ìsọfúnni mélòó kan pọ̀, bí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù), bíi `Onibara[]`, clone kò ní da oníbàárà kankan kọ: yí nọ́ńbà fóònù ẹnì kan padà níbí, yóò yí lọ́hùn-ún. Fúnra rẹ ni wàá fi `new` dá ọ̀kọ̀ọ̀kan. String (ọ̀rọ̀ tí a kọ) kò ní wàhálà yìí, torí kò ṣe é yí padà.

Kó o tó gbé ètò rẹ fún ẹnikẹ́ni, fi 777 sínú `adako[0][0]`, kó o tẹ `kaadi[0][0]` jáde. Bó o bá rí 777 níbẹ̀, padà sídìí iṣẹ́. Ìyá mi ò tíì kó káàdì wọn dànù o. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wò mí.