Bí A Ṣe Ń Sọ Físà Iṣẹ́ Dọ̀tun Nílẹ̀ Òkèèrè

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, ẹ wádìí ọjọ́ tí àṣẹ ìgbélùú yín yóò parí gan-an, nítorí ọjọ́ tó wà lára físà lè má jẹ́ òun. Ní Amẹ́ríkà, físà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páspọ́ọ̀tù wà fún àtiwọlé nìkan; I-94, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwọlé yín, ló ń sọ ọjọ́ tí ẹ lè gbé níbẹ̀ dé, bí páspọ́ọ̀tù yín bá sì máa tètè parí, àwọn aṣọ́bodè lè gé ọjọ́ inú rẹ̀ kúrú. Nítorí náà, páspọ́ọ̀tù tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Lẹ́yìn èyí, ó kan agbanisíṣẹ́ yín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ní físà Skilled Worker (ti òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́) gbọ́dọ̀ gba Certificate of Sponsorship (ẹ̀rí pé agbanisíṣẹ́ ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀) tuntun lọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́; ní Amẹ́ríkà, agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi fọ́ọ̀mù ìbéèrè I-129 sílẹ̀ fún oní-H-1B (ẹni tó ní físà iṣẹ́ àwọn onímọ̀ pàtàkì), kò sì lè ṣe é ju oṣù 6 lọ ṣáájú ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀. Lójú tèmi, oṣù 6 náà ni kí gbogbo ènìyàn fi ṣe òdiwọ̀n, kí ẹ sì kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́ dípò kí ẹ sọ ọ́ lẹ́nu lásán, nítorí kò sí ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ físà yín lè ká lára tó ẹ̀yin alára. Ẹ fi orúkọ ipò iṣẹ́ àti iye owó oṣù tó wà nínú àdéhùn wé èyí tí agbanisíṣẹ́ fẹ́ kọ fún ìjọba. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ ní kí ó tún un ṣe kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́ kí ìwé yín wọlé kí ọjọ́ tó pé. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, abala 3C nínú òfin ìwọ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1971 máa ń fa àṣẹ yín gùn títí ìdáhùn yóò fi dé, tí ẹ ó sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹ ti ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, oní-H-1B lè bá agbanisíṣẹ́ kan náà ṣiṣẹ́ lọ fún ọjọ́ 240, ó pẹ́ tán, lẹ́yìn tí àṣẹ rẹ̀ bá parí. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ìfìwésílẹ̀ náà dáadáa, torí òun lẹ ó máa fi han ẹnikẹ́ni tó bá béèrè.

Ìrìn àjò ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bí ẹ bá jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ibi mìíràn yàtọ̀ sí Ireland, Channel Islands tàbí Isle of Man kí ìdáhùn tó dé, ohun tí wọ́n máa kà á sí ni pé ẹ ti fa ìwé yín yọ. Jámánì yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó tètè béèrè lè gba Fiktionsbescheinigung, ìwé onígbà díẹ̀ tó lè jẹ́ kó jáde kó sì padà wọlé, bí ó bá jẹ́ irú tó bá abala 81, ìpín 4, nínú òfin ìgbélùú Jámánì mu. Ẹ ka ohun tí wọ́n sàmì sí lára rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí àṣẹ tuntun bá dé, ẹ yẹ orúkọ, ọjọ́ àti irú iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín láyè láti ṣe wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú eVisa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rí i pé nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù tuntun yín ló wà lórí àkáǹtì náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́.