Àṣìṣe Tí Àwọn Olóṣèlú Tuntun Ń Fowó Ara Wọn Rà Nígbà Tí Ará Ilé Bá Sọ̀rọ̀ Sí Wọn

Àsìkò tún ti tó tí wọ́n ń padà wálé. Ẹ ó rí jíìpù dúdú tí a ò mọ̀ rí níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá di ọjọ́ Àìkú, jíìpù kan náà á wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ni ín ti lo ogún ọdún ní Èkó tàbí Àbújá, ó ti rí ṣe, àwọn èèyàn sì ti sọ fún un pé òun gan-an ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń retí. Mi ò bá a jà. Bó ṣe ń da owó sómi ni mi ò lè wò mọ́.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe sẹ́kítárì wọ́ọ̀dù ní Gúúsù Kwara níbí. Mo ti jókòó sábẹ́ agboòrùn PDP, mo ti gbé ìgbálẹ̀ APC, mo tún ti padà sábẹ́ agboòrùn kí n tó tún wá ìgbálẹ̀ lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni mímọ́ ló ń bá a wí. Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ara ẹni tú ẹgbẹ́ ká, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ti bá wọn tú u rí.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gba fọ́ọ̀mù, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọba, mi ò ní fi ìyẹn fi àkókò yín ṣòfò. Ohun tí ẹ máa ń ṣe nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ yín bá dìde nínú ìpàdé tó ní, "Ọ̀gá, èyí tí ẹ ṣe yìí ò dáa," òun ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ ń pe ìdákẹ́jẹ́ ní ìṣọ̀kan

Ìpàdé tí gbogbo èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan, ẹ máa ń fi ẹ̀rín jáde níbẹ̀. Ẹ̀rù ló máa ń ba èmi. Ṣé ẹ mọ ìtàn ìpínlẹ̀ yìí? Ní 1983, ẹgbẹ́ NPN ló wà lórí àga ní Kwara, Adamu Attah sì ni gómìnà. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìjà òun àti Olusola Saraki, tí a ń pè ní Olóyè, ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí Olóyè sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́yìn Cornelius Adebayo, ọmọ Òkè-Onígbìn-ín tiwa níbí, ẹgbẹ́ UPN tirẹ̀ ló wọlé. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ó tún rí bẹ́ẹ̀: Mohammed Lawal tí Olóyè tì lẹ́yìn dé ilé ìjọba ní 1999, òun kan náà ni Bukola Saraki, ọmọ Olóyè, gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2003. Ní 2011, ilé yẹn fúnra rẹ̀ ló là sí méjì. Bàbá wà lẹ́yìn Gbemisola, ọmọ rẹ̀ obìnrin, nínú ẹgbẹ́ ACPN, Bukola ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn Abdulfatah Ahmed, ará Ṣàárẹ́, nínú PDP, ẹ̀yìn ọmọ ni ìbò sì lọ. Kódà àwọn tó jọ kígbe "Ó tó gẹ́" ní 2019 láti lé ilé Saraki kúrò lórí àga, ọdún méjì ò tíì pé tí wọ́n ti yọ alága ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀, tí oníkálukú sì ti mú ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìjà yìí tí wọn ò kọ́kọ́ kùn sínú. Ẹnìkan ti gbọ́ ìkùnsínú náà ní wọ́ọ̀dù, ó sì sọ fún ọ̀gá pé, "Kò sí wàhálà, sà."

2. Ẹ ń gba rédíò lọ

Èyí ló ń bí mi nínú jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Lọ́dún kan, a ní ẹnìkan tó ń gbégbá ìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan lára àwọn tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra àga tí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ jókòó lé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí, ó ní ọmọ tí a fẹ́ dìbò fún yìí, òun ò rí ohun tó kọ́ sílùú ju ilé ara rẹ̀ lọ, àti pé kò mọ ọ̀nà ilé ọlọ́fọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò ju ogún lọ. Ẹnìkan gbé e, ó fi iyọ̀ sí i, ó fi ata sí i, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ó ti dé Àbújá. Ọ̀gá pè mí: "Sẹ́kítárì, bàbá yẹn fẹ́ ba ẹgbẹ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí la máa ṣe?"

Ta ló ní ká lọ sórí rédíò? Èmi ni. Ẹnu mi yìí kan náà. Mo kàn ń fẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ ohùn mi ni. Mo tilẹ̀ dá agbádá tuntun fún ètò náà, rédíò tí ẹnikẹ́ni kì í ti í rí aṣọ.

A san owó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. A kó àwọn ọmọ méjì tí ẹnu wọn dùn síbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀: "Àwọn àgbà kan wà tó yẹ kí wọ́n ti máa ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà wọn." Wọn ò dárúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ nìkan ni kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn olùgbọ́ ń pè láti béèrè pé kí ni àgbà náà sọ gan-an. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin kan pè láti Ṣàárẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ilé tí bàbá ń sọ yẹn, ṣé òótọ́ ni pé ó ní yàrá méjìlá?" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa dáhùn kíá: "Irọ́ ni! Mẹ́rìnlá ni."

Ọ̀rọ̀ tí ogún èèyàn gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa la sanwó kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún lè gbọ́ ọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn ọmọ bàbá náà fi owó ránṣẹ́ láti Èkó, wọ́n ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé tiwa gan-an. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi wákàtí kan bú ara wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹgbẹ́ kan náà, wọ́ọ̀dù kan náà, àdúgbò kan náà. Ẹni tó ń ta àkókò fún wa nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó fún wa ní kàlẹ́ńdà lópin ọdún.

A fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ sílé bàbá, pẹ̀lú iṣu mẹ́ta. Ó ń gbọ́ ìròyìn lọ́wọ́, kò sì pa rédíò náà.

"Sẹ́kítárì. Mo rò pé ìgbà tí mo bá kú lo máa wá."

"Ẹ máa bínú, bàbá."

"Àbúrò mi obìnrin kú, mo sin ín, ọ̀gá rẹ kọjá ẹnu ọ̀nà mi lọ síbi ìkómọ. Ó ju ọwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀. Ìyẹn ni mo ń sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣé o gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò mi nínú ohun tí wọ́n wá sọ fún yín?"

Mi ò gbọ́ ọ. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ wá ti yọ ọ́ kúrò, nítorí kò dùn tó ilé oníyàrá méjìlá.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní àgbà kan bú yín, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Ẹ má rán ọmọ. Ẹ lọ lálẹ́, ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ má mú oníkámẹ́rà dání. Mo tún un sọ nítorí mo mọ̀ yín: ẹ má mú oníkámẹ́rà dání.

3. Ẹ má fèsì lórí WhatsApp láago kan òru. Ó tán.

4. Ẹ ń san owó fún ẹni tó bú yín

Ọmọ kan kọ ìkọkúkọ nípa yín lánàá, ẹ fi owó ránṣẹ́ sí i lónìí kó lè dákẹ́. Ó ti dákẹ́. Àwọn mẹ́wàá tó jókòó tì í ti rí i pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹni tó sì ti ń bá yín lẹ ìwé mọ́ ògiri lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù mẹ́fà á máa wò yín.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìfẹnukò náà. Mi ò mọ nọ́ńbà tó yẹ kí n fún un. Gbogbo yín lẹ fẹ́ kí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé yín lórí, kí ẹ má náwó ìdìbò abẹ́lé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Òfin Ìdìbò sọ ọ́ kedere pé gbogbo àwọn tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì yege gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yọ̀ǹda, àwọn sì gba ẹni tí wọ́n mú. Tí ẹyọ ẹnìkan bá kọ̀, ìdìbò di dandan. Tíṣà tó ń bá yín du ipò, tí ẹ ń pè ní "tálákà tó ń wá owó oúnjẹ" ní oṣù kẹta, ọwọ́ rẹ̀ lẹ ó ti máa wá ìbùwọ́lù ní oṣù karùn-ún. Mo bá ọ̀gá kan lọ sílé irú tíṣà bẹ́ẹ̀ ní Òró. A jókòó sórí bẹ́ńṣì níta títí ó fi ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù. Wọ́n ní ó ń máàkì ìdánwò àwọn ọmọ. A padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó ṣì ń máàkì. Lọ́jọ́ kẹta ó fọwọ́ sí i, bíírò pupa ló sì fi fọwọ́ sí i.

Àwa náà tí a ń sọ̀rọ̀ ní àṣejù tiwa. Tí ẹ kò bá tíì sọ ọ́ nínú ìpàdé wọ́ọ̀dù, ẹ má gbé e lọ sí Ìlọrin. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ orò yẹn mọ̀ pé àwọn tó jọ gbá ara wọn mọ́lẹ̀ máa ń gbọn eruku ara wọn nù.

Ó wá ku ìwé lọ-rọ́kún-nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn oníjíìpù pè mí, ó ní kí n bá òun kọ irú rẹ̀ fún èèyàn mẹ́ta kí òun tó dé láti Àbújá. Ìpè yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tó ń gbé lé àwọn wọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Adams Oshiomhole ni alága APC fún gbogbo Nàìjíríà nígbà tí àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Edo ní kó lọ rọ́kún nílé. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2020, àga bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iyorchia Ayu, alága PDP nígbà náà, wọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Benue ló bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kẹta 2023. Wọ́ọ̀dù 193 ló wà ní Kwara. Ẹ̀yin náà ní ọ̀kan tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀.

Ó ní kí n má fi ìtàn dá òun lóhùn. Kò sì mọ̀ pé mo ti kọ ọ̀kan rí.

Adarí àwọn obìnrin wa ni màmá tí mo kọ ọ́ fún, ẹ̀lùbọ́ ló ń tà. Ó dìde nínú ìpàdé níṣojú ọ̀gá ìgbà yẹn, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní: "Kànga ẹ̀rọ tí ẹ gbẹ́ síwájú ilé wa, ọjọ́ tí ẹ wá ya fọ́tò nìkan ló yọ omi. Tí àwọn oníbàárà mi bá bi mí, kí ni kí n sọ?" Ìyẹn nìkan. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí n ní kí a kà á síta ní ìpàdé tó ń bọ̀ pé ibi báyìí ni ọ̀rọ̀ kànga dé. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn, ìdajì àwọn tó ń ráhùn kì í béèrè ju pé kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn bí a ṣe ń kà á lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kan tó ń gbé báàgì ọ̀gá pariwo pé àńtí-pátì, ọ̀tá ẹgbẹ́, ni màmá yìí, ọ̀gá wò mí, mo sì lọ tẹ ìwé náà: "fún ìwà tó lè da ẹgbẹ́ rú." A ò pè é kó wá wí tẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin ẹgbẹ́ ní ká pè é. Mo tún ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.

Ọmọọmọ rẹ̀ ló kà á fún un lọ́jà. Ọmọ náà bi í pé, "Ìyá, kí ló dé tí wọn ò mọ orúkọ yín kọ?" Wọ́n ní kò dáhùn. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ kóńgò, ó sì bá ọjà rẹ̀ lọ. Kò lọ sínú ẹgbẹ́ míì, kò bú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn obìnrin tó máa ń kó jáde láti agboolé mẹ́ta kàn jókòó sílé, a sì pàdánù ibùdó ìdìbò tí a ò pàdánù rí.

Mo ṣì ń ra ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń kí mi dáadáa, á béèrè àwọn ọmọ. Á bu ẹ̀lùbọ́ kún kóńgò títí yóò fi ga lórí, á wá fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá orí rẹ̀ kó tẹ́jú rẹrẹ. Láti ọdún yẹn, kò tíì fi ènì sí i fún mi.